Gáàsì Éésì Kì í Ṣe Bẹtiróòlù: Èsì sí Ẹni Tó Ní Ká Máa Rọ Ọ́ ní Oṣù Mẹ́fà-mẹ́fà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó bébà lásìkò tí gbogbo nǹkan gbówó lórí yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí sí ojú ewé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún àwa òǹkàwé, kódà bó bá gùn díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, n kò kọ̀wé sí yín rí. Ohun tó mú mi gbé bírò lónìí ni lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, níbi tí òǹkàwé kan láti Abẹ́òkúta ti gba àwa tí à ń wa tòkúnbọ̀ nímọ̀ràn pé ká máa rọ gáàsì sí éésì ọkọ̀ wa ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, bí ìgbà tí à ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo yọ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. N kò bá ẹni tó kọ ọ́ jà, mo mọ̀ pé ire ló gbèrò. Ṣùgbọ́n irú ìmọ̀ràn yẹn gan-an ni èmi náà tẹ̀ lé láti 2019 títí di 2024, ohun tó sì fi ojú àpò mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí, mo fẹ̀yìn tì ní 2021 lẹ́yìn ọdún 33 lẹ́nu iṣẹ́. N kì í ṣe mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wa kọ́ wa láti máa kọ nǹkan sílẹ̀: iye ẹ̀jẹ̀ tó dà, ìgbà tí aláboyún tọ̀ kẹ́yìn, aago tí ọmọ ké. Àṣà yẹn kò kúrò lára mi. Ìwé kékeré kan wà nínú ọkọ̀ mi tí mo ń kọ gbogbo owó tí mo bá ná lé e lórí sí. Corolla ni, ti ọdún 2005, mo sì rà á ní 2019 lọ́wọ́ ọlọ́jà ọkọ̀ kan níbí nílùú Ìbàdàn. Lọ́jọ́ tí mo lọ wò ó, éésì rẹ̀ tutù débi pé mo ń fi ọwọ́ ra apá. Ọkùnrin tó tà á fún mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, éésì yìí nìkan tó owó ọkọ̀." Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí atẹ́gùn ẹnu ààrò bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ jáde níbẹ̀. Ó ti wá yé mi báyìí pé àfàìmọ̀ ni kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ tí mo lọ wò ó gan-an ni wọ́n rọ gáàsì sí i.

Ẹ jẹ́ kí n ka ìwé mi sí yín létí. 2019, gáàsì, ₦3,500. 2020, gáàsì, ₦5,000. Ní 2021 n kò rọ nǹkan kan, nítorí owó ìfẹ̀yìntì mi kò tètè jáde, fèrèsé la ṣí sílẹ̀ lọ́dún náà. 2022, ₦8,000. 2023, ₦12,000. 2024, ₦18,000. Ẹ bá mi rò ó pọ̀: ₦46,500. Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn kò tutù ju oṣù mẹ́ta lọ. Nínú gbogbo ìgbà márààrún, oníéésì mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fọwọ́ kàn án, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó bi mí pé, gáàsì ti èṣí dà? Èmi náà kò sì bèèrè. "Gáàsì yín ti tán, màmá," ni gbogbo wọn ń wí, èmi á sì ṣí báàgì.

Ọjọ́ tí ojú mi là ni ọjọ́ kan nínú Oṣù Kẹta, 2025. Ìsìnkú kan gbé èmi àti ìyá mi lọ sí Ọ̀ṣogbo. Ẹni ọdún 84 ni ìyá mi, ìfúnpá gíga ń bá wọn fínra, wọn kò sì fẹ́ràn kí atẹ́gùn máa gbá gèlè kúrò lórí wọn. Ẹ sì mọ bí ooru oṣù kẹta ṣe máa ń rí kí òjò tó dé. Kí a tó kọjá Ìwó, wọ́n ti dákẹ́. Ìyá mi kì í dákẹ́. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo da omi sí aṣọ ìnura, mo fi ń nu ọrùn àti abíyá wọn lábẹ́ igi máńgòrò kan, àwọn ọmọ tó ń ta máńgòrò náà sì ń bá wa fi ike fẹ́ atẹ́gùn sí wọn. Wọ́n gbádùn, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jókòó ti ìwé kékeré mi, mo sì ń bi ara mi pé ta ló ń mu gáàsì yìí.

Ibi tí mo ti rí ìdáhùn yóò yà yín lẹ́nu. Ní ilé ìwòsàn tí mo ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, fìríìjì kan wà tí a ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí. Láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 ti Celsius ló gbọ́dọ̀ wà, bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ lè bàjẹ́, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ la sì ń kọ ohun tó bá kà sílẹ̀. Ọdún 11 ni mo fi wà pẹ̀lú fìríìjì yẹn. Wọ́n tún wáyà rẹ̀ ṣe, wọ́n pààrọ̀ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rọ gáàsì sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gáàsì tí wọ́n fi sí i nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é náà ló ń yí po nínú rẹ̀ títí tí mo fi kúrò. Kí ló dé tí ti ọkọ̀ tèmi ń tán bí iyọ̀ inú ọbẹ̀?

Nítorí pé kì í tán, Olóòtú. Ó ń jò ni. Bẹtiróòlù la máa ń jó tán. Gáàsì éésì kì í jó tán, kì í gbẹ, kì í gbó. Yíyí ló ń yí po: kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ á fún un pọ̀, á gbóná, á gba inú kọ̀ńdẹ́ńsà tó wà níwájú rédíétọ̀ kọjá, atẹ́gùn á gba ooru ara rẹ̀, á sì di omi, á gba ojú ihò tóóró kan wọ inú kọ́ìlì tó wà lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù, ibẹ̀ ló ti ń padà di gáàsì, tó ń tutù bí yìnyín, tó ń gba ooru inú ọkọ̀ mọ́ra, á sì tún padà sọ́dọ̀ kọ̀ńpúrẹ́sọ̀. Kò síbi tó ń lọ bí kò bá sí ojú ihò.

Mo gbà pé ọkọ̀ yàtọ̀ sí fìríìjì díẹ̀. Ti fìríìjì, inú agolo irin kan tí wọ́n jó pa ni kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ àti mọ́tò rẹ̀ wà, páìpù rẹ̀ sì jẹ́ jíjó pọ̀. Ti ọkọ̀, bẹ́líìtì ló ń yí i láti ìta, nítorí náà ọ̀pá kan gbọ́dọ̀ gba àárín rọ́bà wọ inú rẹ̀. Páìpù rẹ̀ jẹ́ rọ́bà láwọn ibì kan torí pé ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n. Ibi tí páìpù ti pàdé páìpù sì pọ̀. Nítorí náà, kí ó dín kù díẹ̀ láàárín ọdún púpọ̀, kì í ṣe èèmọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó tán láàárín oṣù mẹ́ta, egbò ni. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ta ni yóò máa gbé àpò ẹ̀jẹ̀ kọ́ fún un láìwo ibi tó ti ń ya? Ní 33 ọdún, n kò rí agbẹ̀bí tó dán irú rẹ̀ wò, kí wọ́n má baà fi ọlọ́pàá mú un. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló wá jẹ́ pé ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá.

Lẹ́yìn ìrìnàjò Ọ̀ṣogbo yẹn, mo kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rewáyà kan. Ó tẹ bọ́tìnnì éésì, iná rẹ̀ tàn. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, kò ṣiṣẹ́, ó mi orí. "Màmá, ó ti kú. Tòkúnbọ̀ rẹ̀, ₦95,000, kó tó kan owó iṣẹ́." Nígbà tó rí ojú mi, ó mú àbá mìíràn wá: kí òun fi wáyà kan dáírẹ́ẹ̀tì ẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ ronú. Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe yọ mí! Súwíìṣì kékeré kan wà lára páìpù tó ń ṣọ́ iye gáàsì tó kù. Bí gáàsì bá ti lọ sílẹ̀ jù, súwíìṣì yẹn kò ní jẹ́ kí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ gbé. Ìdí sì wà fún un. Ọ́ìlì tó ń yọ̀ sí inú kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, ẹ̀yìn gáàsì ló ń gùn káàkiri. Níbi tí gáàsì kò bá sí, ọ́ìlì kò lè padà wálé, irin á máa ha irin. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ tí kò kú tẹ́lẹ̀, wáyà dáírẹ́ẹ̀tì yẹn ni yóò pa á, èérún irin rẹ̀ á sì gba inú páìpù lọ di kọ̀ńdẹ́ńsà pa. Ọkọ̀ mi kò ní àrùn kọ̀ńpúrẹ́sọ̀. Ọkùnrin tó ń ṣọ́nà ló sọ pé òun kò ní ṣílẹ̀kùn, rewáyà wá ní ká pa ọkùnrin náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa ló bá mi wá ojútùú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ̀. N kò rántí, àwọn tí mo gbẹ̀bí wọn pọ̀, ṣùgbọ́n n kò jiyàn, torí ó mú kó fi sùúrù bá mi ṣe é. Kó tó mú irinṣẹ́ kankan jáde, ó ní kí n kọ́kọ́ tan ọkọ̀. Ó wo iwájú kọ̀ńpúrẹ́sọ̀: ibi tí bẹ́líìtì wọ̀ ń yí, ṣùgbọ́n àwo pẹlẹbẹ tó wà níwájú rẹ̀ dúró gbọin. Ó ní bó bá gbé, màá gbọ́ "tà!", àwo yẹn náà á sì máa yí. Ó wo fáànù tó wà lẹ́yìn rédíétọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ti aládùúgbò mi kan, éésì rẹ̀ máa ń tutù bó bá ń sáré lọ lójú títì márosẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti kó sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Mọ́kọ́lá, ooru ni. Fáànù ni kò ṣiṣẹ́. Wọ́n yọ rílè ti họ́ọ̀nù, ìyẹn súwíìṣì kékeré tó ń fi iná ránṣẹ́ sí i, wọ́n fi sí ojú rílè ti fáànù láti fi dán an wò, torí wọ́n bá ara wọn mu nínú ọkọ̀ tirẹ̀, fáànù sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ rílè ₦2,000 ni, lẹ́yìn tí aládùúgbò mi yìí ti rọ gáàsì lẹ́ẹ̀mẹta lórí ohun tí kì í ṣe gáàsì.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀dọ́mọkùnrin náà tú àpótí tó wà níwájú ẹni tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ nínú ọkọ̀ mi sílẹ̀, ó fa fílítà atẹ́gùn yọ lẹ́yìn rẹ̀. Olóòtú, ẹ ò ní gbàgbọ́. Ewé gbígbẹ, eruku, ìyẹ́ adìyẹ, àti àjákù bébà tí eku fi ṣe ìtẹ́. Ọdún mẹ́fà ni èmi àti ìyá mi fi ń mí èémí eku! Mo ra tuntun ní ₦3,500 ní ọjà Aráròmí ní Gate. Atẹ́gùn tó ń jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì gbóná. Ó ní kí n fi omi ṣan iwájú kọ̀ńdẹ́ńsà, omi rọ́bà ilé lásán tí kò le, torí kòkòrò àti eruku ti dí ojú rẹ̀, kí n má sì lo omi àwọn oní-káàwọ́ọ̀ṣì tó ń tú bí ìbọn, nítorí pé á tẹ àwọn abẹ́ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ojú rẹ̀ pa. Èyí, ọ̀fẹ́ ni.

Ìgbà yẹn ló tó mú géèjì jáde, ti aláwọ̀ búlúù àti ti aláwọ̀ pupa. Ooru ọjọ́ náà jẹ́ 34 ti Celsius, ẹ́ńjìnnì sì wà ní pípa. Nínú irú ooru bẹ́ẹ̀, bí gáàsì tó ń jẹ́ R134a bá wà níbẹ̀ bó ṣe yẹ, ó yẹ kí géèjì méjèèjì ka nǹkan bí 110 ní ìwọ̀n psi tí à ń fi wọn atẹ́gùn táyà. Tèmi ka 22. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun kan tí inú mi dùn sí bí ìgbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́. Mo ní, "Ṣé bó bá ti ka 110, ó ti kún nìyẹn?" Ó ní rárá. Bó bá ṣẹ́ ku ìwọ̀nba díẹ̀ péré tó ṣì jẹ́ omi nínú páìpù, 110 náà ni yóò kà. Bó bá kún bámúbámú, 110 náà ni. Ooru ojú ọjọ́ ló ń pinnu ohun tí géèjì ń kà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní pípa. Nítorí náà, ẹni tó fi géèjì nìkan rọ gáàsì fún yín, àfojúbù ló ń ṣe. Èyí tó pọ̀ jù kì í sì í dára: ó máa ń jẹ́ kó gbóná ni, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè.

Wíwá ojú ihò ló gba àkókò jù. Àmì àkọ́kọ́ tí ó fi hàn mí, ojú lásán ni a fi rí i: ní ibi tí páìpù ti wọ ara kọ̀ńdẹ́ńsà, eruku lẹ̀ mọ́ ọn ní dúdú, ó rin gbindin. Mo ṣáà ti sọ pé ọ́ìlì ń bá gáàsì rìn. Ibi tí gáàsì bá gbà jáde, ọ́ìlì náà á tẹ̀ lé e, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọ́ìlì. Gbogbo àwọn oníéésì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti gbé ọwọ́ kọjá lórí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ fi ojú nìkan dájọ́. Ó yá sílíńdà náítírójìn lọ́wọ́ ọ̀gá kan tó ń tún éésì ilé ṣe, ó fẹ́ ẹ sínú páìpù títí géèjì fi ka 150, ó wá po ọṣẹ ìfọbọ́ sínú omi, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún yí gbogbo oríkèé páìpù ká. A dúró. Láti ibi tó dúdú yẹn, ìfófó bẹ̀rẹ̀ sí í rú díẹ̀díẹ̀ bí itọ́ ọmọ ọwọ́. Ibì kejì sì tún wà: ẹnu ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì. Fáàfù kan bíi ti táyà kẹ̀kẹ́ ló wà níbẹ̀, ó ti gbó, ìdérí rẹ̀ sì ti sọnù, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹnì kan nínú àwọn tó rọ gáàsì fún mi kò dá a padà.

Ẹ gbọ́ bí owó rẹ̀ ṣe rí. Óríǹgì méjì, rọ́bà róbótó tí kò tó òrùka ọmọdé, ₦1,000. Fáàfù pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, ₦1,500. Ohun tó ń jẹ mí lówó láti 2019 nìyẹn, ₦2,500.

Mo gbọ́dọ̀ ya ẹnu sí ọ̀rọ̀ kan níbí kí ẹnì kan má baà fi ìwé ìròyìn yín ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá. Àwọn kan máa ń fi ọ́síjìn tí àwọn wẹ́dà ń lò dípò náítírójìn. Ẹ má ṣe é o! Ọ́síjìn tí a fi agbára fẹ́ pàdé ọ́ìlì lè bú gbàù, ó sì lè pa èèyàn. Atẹ́gùn fọkanáísà náà kò dára, torí ọ̀rinrin inú rẹ̀. Omi inú páìpù á dì ní ojú ihò tóóró yẹn, á sì tún di nǹkan kíkan tó ń jẹ irin. Bákan náà ni oògùn inú agolo tí wọ́n ní ó ń dí ojú ihò láti inú. Ó lè dí ihò tí ẹ fẹ́, ó sì lè dí èyí tí ẹ kò fẹ́.

Nítorí ọ̀rinrin yìí náà ni ó fi so ẹ̀rọ kan mọ́ ọn tó fa gbogbo atẹ́gùn inú páìpù jáde fún 40 ìṣẹ́jú, ó wá pa á, a sì fi 20 ìṣẹ́jú wo abẹ́rẹ́ géèjì bóyá yóò mira. Kò mira. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn tó ti ṣe é tẹ́lẹ̀ tó ṣe èyí fún mi rí. Ńṣe ni wọ́n máa ń tú gáàsì díẹ̀ jáde kó lé atẹ́gùn, wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Ó ku gáàsì. Ìwé kékeré kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí a kọ iye gáàsì tó yẹ kó gbà sí. Ti ọkọ̀ tèmi kò tó ààbọ̀ kílò. Ẹ jẹ́ kó yé yín dáadáa: nínú sílíńdà ńlá tó jẹ́ kílò 13.6, ọkọ̀ bíi tèmi tó lé ní 25 ló lè jẹ níbẹ̀. Ọmọkùnrin náà kò ní òṣùwọ̀n, ó ní àwọn kì í wọ̀n ọ́n. Mo ní, "Dúró dè mí." Mo wọlé, mo sì gbé òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ọmọ tuntun jáde, èyí tó ń lo bátìrì tí mo rà fún àwọn aláboyún tó ṣì máa ń wá mi wá sílé. A gbé sílíńdà lé e bí ẹni gbé ìkókó. Ìyá mi tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ní, "Kílò mélòó ni wọ́n bí i?" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Bí gáàsì ṣe ń wọ inú ọkọ̀ ni nọ́ḿbà ń já wálẹ̀, nígbà tó pé iye tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó pa á.

Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ tí wọ́n ní ó ti kú ké "tà!" Kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀, mo ti fi tẹmómítà fìríìjì sí ojú ibi tí atẹ́gùn ń gbà jáde, ó ka 31. Nígbà tí a parí, tí ọkọ̀ dúró lójú kan, ó ka 8. Lójú títì, ó sọ̀ kalẹ̀ sí 6. Mo lè kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sínú rẹ̀ báyìí.

Àpapọ̀ owó náà: fílítà ₦3,500, óríǹgì àti fáàfù ₦2,500, gáàsì ₦14,000, owó iṣẹ́ ₦15,000. ₦35,000. Oṣù Kẹrin, 2025 la ṣe é. Láti ìgbà náà, n kò tíì rọ gáàsì kankan sí i, mo sì ń tan án fún 10 ìṣẹ́jú ó kéré tán lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kódà lọ́yẹ́, kí ọ́ìlì lè máa dé ara rọ́bà ọ̀pá kọ̀ńpúrẹ́sọ̀.

N kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ló ń rọrùn báyìí. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣiṣẹ́, kọ́ìlì ẹ̀yìn dáṣíbọọ̀dù ló jò lọ́dọ̀ tirẹ̀, wọ́n ní láti tú gbogbo iwájú ọkọ̀ sílẹ̀, owó rẹ̀ lé ní ₦120,000. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ náà máa ń kú lóòótọ́: bí ó bá ń ké bí ọlọ, tàbí tí ó gbé tí géèjì méjèèjì sì ń ka ohun kan náà nígbà tí ọkọ̀ wà ní títàn, ẹ múra owó. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ gba ₦95,000 lọ́wọ́ mi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn mí.

Mo bi ọmọkùnrin náà léèrè pé kí ló dé tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í wá ojú ihò. Ìdáhùn rẹ̀ dùn mí, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Màmá, bí mo bá ní kí èèyàn san ₦5,000 kí n fi wá ibi tó ti ń jò, wọ́n á ní olè ni mí. Bí mo bá ní gáàsì ti tán, ₦18,000, wọ́n á san án, wọ́n á tún fún mi ní owó omi." Mo wo ara mi, mo sì rí i pé òótọ́ ló sọ. Lẹ́ẹ̀márùn-ún ni mo ti sanwó ohun tí mo lè gbọ́ tó ń ṣe "ṣíìì" wọ inú páìpù. Àyẹ̀wò wákàtí kan tí kò lárìíwo, n kò ní san án. Bẹ́ẹ̀ èmi náà ni mo máa ń bá àwọn aláboyún jà pé wọn kò fẹ́ sanwó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìgò oògùn ni wọ́n fẹ́ rí.

Ẹ tún wo ibi tí gbogbo gáàsì yẹn lọ. Gáàsì R12 tí ọkọ̀ àtijọ́ ń lò ń ba ìbòrí òsóònù ojú ọ̀run jẹ́, ìdí nìyẹn tí àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Montreal ní 1987 fi fòpin sí i, tí R134a sì rọ́pò rẹ̀ nínú ọkọ̀ láàárín àwọn ọdún 1990. R134a kò ba òsóònù jẹ́, ṣùgbọ́n kílò kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná ju kílò kan èéfín kábọ́ọ̀nù lọ ní ìlọ́po tó lé ní 1,000. Gáàsì márùn-ún tí mo fi ₦46,500 rà, ojú sánmà Ìbàdàn ló wà báyìí, tó ń pa kún ooru tí mo tìtorí rẹ̀ rà á.

Nítorí náà, Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi òǹkàwé yín ti Abẹ́òkúta: gáàsì tí wọ́n rọ ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, níbo ló gbà lọ? Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n gbé ọkọ̀ wọn wá sí Ìbàdàn. Tẹmómítà wà nílẹ̀. Òṣùwọ̀n ọmọ ni n kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí, torí ó ti pé oṣù mẹ́rin tí ọmọkùnrin yẹn ti yá a lọ. Gbogbo ọkọ̀ tó bá gbà báyìí ló ń wọn gáàsì fún. Ó ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun máa dá a padà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ìyá Ìbejì,
Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.